Ẹ̀dá Omi àti Ewéko Etí Òkun ní Ilẹ̀ Yorùbá: Àlàyé lórí Àwọn Ohun Abẹ̀mí tí ń Di Ilẹ̀ Mú

ÀṢAMỌ̀

Bí a bá dárúkọ òkun láàárín àwa tí a ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, Olókun àti owó ẹyọ ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. A kì í fi bẹ́ẹ̀ yẹ àwọn ohun abẹ̀mí tí ń gbé ibi tí òkun àti ilẹ̀ ti pàdé wò. Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé lórí díẹ̀ nínú àwọn ẹ̀dá omi àti ewéko tó wà ní etí òkun ilẹ̀ Yorùbá, láti Àgbádárìgì títí dé agbègbè Ìlàjẹ. A wo akàn, ahun òkun, àwọn ẹ̀dá oníkarahun, ewéko orí iyanrìn àti igi ẹ̀gbà. Ohun tí a fẹ́ fi hàn ni pé àwọn ohun abẹ̀mí wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ etí omi lásán. Wọ́n wà lára ohun tí ń di ilẹ̀ mú, àwọn ni wọ́n sì ń tọ́ ọ̀pọ̀ ẹja tí à ń jẹ dàgbà. Níbi tí a bá ti da ètò wọn rú, ilẹ̀ a máa tẹ̀lé wọn lọ. A fi àpẹẹrẹ Èkó, Awóyè àti Àyétòrò gbe ọ̀rọ̀ náà lẹ́sẹ̀, a sì dábàá ohun tí olùkọ́ lè ṣe.

1.0 ÌFÁÀRÀ

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ojú l'alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọmọ ilé-ìwé tí kò mọ òwe yìí kò wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá bi akẹ́kọ̀ọ́ pé èéṣe tó fi jẹ́ alákàn, tí kì í ṣe ẹja tàbí ìgbín, ni àwọn àgbà fi pa òwe náà, ìdáhùn kì í sábà yá. Ìdí ni pé òwe náà ti rìn jìnnà sí ibi tí a ti bí i. Àwọn tó ń gbé etí omi, tí wọ́n fi ojú ara wọn rí bí ẹyinjú akàn ṣe dúró síta lórí ọ̀pá kéékèèké méjì, ni wọ́n lè ronú kan irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Èyí fi hàn pé àwọn baba wa ti ń ṣe ìwádìí lórí ẹ̀dá etí omi tipẹ́tipẹ́, inú èdè ni wọ́n sì fi àbọ̀ ìwádìí náà pamọ́ sí.

Lóde òní, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ń gbé nítòsí òkun ju ti àtijọ́ lọ, nítorí pé Èkó ti fẹ̀ dé etí omi. Síbẹ̀, ìmọ̀ wa nípa ohun tó wà níbẹ̀ ń dín kù. Etí òkun ti di ibi ìgbafẹ́, ibi tí a ti ń wa iyanrìn, àti ibi tí a ti ń ta ilẹ̀. Ìbéèrè mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí fẹ́ dáhùn. Àwọn ẹ̀dá àti ewéko wo ni wọ́n ń gbé etí òkun wa? Kí ni iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀? Kí ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá mú wọn kúrò?

2.0 ORÍṢI ETÍ ÒKUN MÉJÌ

Etí òkun orílẹ̀-èdè Nàìjíríà gùn tó kìlómítà 853. Apá ìwọ̀ oòrùn rẹ̀, láti ẹnubodè orílẹ̀-èdè Benin títí dé agbègbè Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ni àwọn Yorùbá àti àwọn ará wọn Ègùn ń gbé. Bí a bá wò ó fínnífínní, a ó rí i pé oríṣi etí òkun méjì ni ó wà níbẹ̀.

Èkíní ni etí òkun oníyanrìn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnubodè, ó gba Àgbádárìgì àti Èkó kọjá, ó sì lọ títí kọjá ìlú Lẹ́kí. Gígùn rẹ̀ tó nǹkan bí igba kìlómítà. Níhìn-ín, ìgbì òkun ti kó iyanrìn jọ bí ẹbè gbọọrọ kan. Òkun wà ní gúúsù ẹbè yìí, ọ̀sà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní àríwá. Èkejì ni etí òkun ẹlẹ́rẹ̀, èyí tó wà ní agbègbè Ìlàjẹ, ní ilẹ̀ Ugbò àti Màhín. Kò sí iyanrìn funfun níbẹ̀. Ẹrẹ̀ dúdú tó rọ̀ ni òkun ń fọ́ lù, ilẹ̀ náà tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju omi lọ. Ìdí nìyí tí àwọn ará Ìlàjẹ fi ń kọ́ ilé wọn sórí òpó igi, tí ọkọ̀ ojú omi sì fi jẹ́ ẹsẹ̀ fún tọmọdé tàgbà wọn.

Ohun méjì ló ń darí ìgbé ayé ní etí òkun méjèèjì. Ọ̀kan ni kíkún àti fífà omi. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ni òkun máa ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ni ó sì máa ń fà sẹ́yìn, nítorí bí òṣùpá àti oòrùn ṣe ń fa omi mọ́ra. Ní Èkó, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí omi kún àti ìgbà tó fà kò ju nǹkan bíi mítà kan lọ. Ṣùgbọ́n mítà kan yìí ni ó ya ilé akàn sọ́tọ̀ kúrò ní ilé ẹja. Ohun kejì ni ìrìn iyanrìn. Láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti máa ń wá, ẹ̀gbẹ́ ni ó sì fi ń kọ lu etí òkun. Nítorí náà, ojoojúmọ́ ni ó ń ti iyanrìn láti ìwọ̀ oòrùn lọ sí ìlà oòrùn. Ó dára kí òǹkàwé fi kókó kejì yìí sọ́kàn, nítorí òun ni a ó padà sí nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Èkó.

3.0 ÀWỌN TÍ Ń GBÉ ORÍ IYANRÌN

3.1 Akàn

Akàn tí à ń rí lórí iyanrìn etí òkun, tí àwọ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti iyanrìn fúnra rẹ̀, a máa gbẹ́ ihò jíjìn. Inú ihò yìí ni ó ń sá sí fún oòrùn àti fún ọ̀tá. Alẹ́ ni ó máa ń jáde jẹun. Ó ń jẹ òkú ẹja, kòkòrò, ẹyin ahun àti ohunkóhun tí ìgbì bá gbé wá sí èbúté. Agbálẹ̀ etí òkun ni, ìdọ̀tí tí ì bá máa rùn ni ó ń kó jẹ.

Ojú rẹ̀ ni òwe wa dá lé. Ẹyinjú akàn kò sí nínú agbárí bíi ti ẹja. Orí ọ̀pá tó lè nà sókè tó sì lè ká wálẹ̀ ni ó wà, ojú kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ àkójọpọ̀ ojú wẹ́wẹ́ lọ́pọ̀lọpọ̀. Akàn lè dúró sẹ́nu ihò, kí ó na ojú sókè, kí ó sì rí iwájú, ẹ̀yìn àti ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà láìyí ara padà. Níwọ̀n ìgbà tí orí àti àyà rẹ̀ ti jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo lábẹ́ èèpo líle, tí kò ní ọrùn tó lè yí, ojú yìí nìkan ni ẹ̀ṣọ́ tó ní. Òótọ́ pọ́ńbélé ni àwọn àgbà sọ. Bákan náà, ìrìn ẹ̀gbẹ́ tí akàn ń rìn kì í ṣe agídí. Oríkèé ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a dá láti máa ká sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀nà yìí ni ó sì fi lè sáré jù.

Oríṣi akàn pọ̀. Akàn ọ̀sà, tí àwọn apẹja ń fi ìgèrè mú, ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó fẹ̀ bí àjẹ̀, ìyẹn ni ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Akàn ńlá orí ilẹ̀ ń gbé inú ihò lẹ́bàá omi, ṣùgbọ́n bí abo rẹ̀ bá gbé ẹyin sábẹ́ ikùn tán, ó di dandan kí ó lọ tú u sínú omi, nítorí inú omi ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé. Bí a bá mọ ògiri dí ọ̀nà láàárín ihò akàn yìí àti omi, a ti pa ìran rẹ̀ run láìfọwọ́ kan ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn.

3.2 Ahun Òkun

Ahun òkun yàtọ̀ sí ìjàpá inú àlọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di àjẹ̀, kò sì lè fa orí wọnú ìhà bíi ti orí ilẹ̀. Lára àwọn tó ń wá sí etí òkun wa ni èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí bí awọ, tí ó tóbi jù nínú gbogbo ahun ayé, àti èyí kékeré aláwọ̀ ewé ólífì. Inú òkun ni wọ́n ń gbé, ṣùgbọ́n abo gbọ́dọ̀ wá sórí iyanrìn lóru láti yé ẹyin. Ó lè yé nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ẹyin sínú ihò kan, kí ó bò ó, kí ó sì padà sínú omi. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù méjì ni àwọn ọmọ yóò pa. Bí iyanrìn bá ṣe gbóná tó ni ó ń pinnu bóyá akọ tàbí abo ni wọn yóò jẹ́: bí ooru bá pọ̀, abo ni púpọ̀ nínú wọn.

Bí àwọn ọmọ wọ̀nyí bá jáde lóru, ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni wọ́n ń kọrí sí. Ní ayé àtijọ́, ojú òkun ni ó máa ń mọ́lẹ̀ jù lábẹ́ òṣùpá àti ìràwọ̀. Lónìí, iná mọ̀nàmọ́ná ilé ìtura àti ti ojú pópó ń tàn wọ́n lọ sí orí ilẹ̀, níbi tí ajá, akàn àti oòrùn ọ̀sán yóò ti pa wọ́n. Èyí tó bá sì dé inú òkun, ọ̀rá ni ewu tó kù níwájú rẹ̀. Oúnjẹ ahun ẹlẹ́yìn awọ ni ẹran omi kan tó rí jọ̀lọ̀jọ̀lọ̀ bí ẹ̀kọ, ọ̀rá tó bá sì ń léfòó nínú omi jọ ẹran náà púpọ̀. Bí ahun bá gbé e mì, ìfun rẹ̀ yóò dí.

3.3 Àwọn Ewéko Orí Iyanrìn

Iyanrìn etí òkun kì í dúró lójú kan. Afẹ́fẹ́ ń gbé e, omi ń fà á, iyọ̀ kún inú rẹ̀, omi òjò kì í sì í dúró nínú rẹ̀. Ewéko tó bá lè hù níbẹ̀ gbọ́dọ̀ le gan-an. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni ìtàkùn kan tí òdòdó rẹ̀ ní àwọ̀ àlùkò, tí ewé rẹ̀ nípọn, tí ó sì là sí méjì bí pátákò ewúrẹ́. Ipomoea pes-caprae ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kejì nínú orúkọ náà sì ni ẹsẹ̀ ewúrẹ́. Ẹbí ọ̀dùnkún ni.

Bí ìtàkùn yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Ó ń fà nílẹ̀ lọ ní mítà púpọ̀, ní oríkèé kọ̀ọ̀kan ni ó sì ti ń ta gbòǹgbò. Bí afẹ́fẹ́ bá gbé iyanrìn dé ibi tí ewé rẹ̀ wà, agbára afẹ́fẹ́ náà yóò dín kù, iyanrìn yóò sì já bọ́ sáàárín ewé. Bí iyanrìn bá bò ó mọ́lẹ̀, yóò tún yọ orí, yóò sì ta gbòǹgbò mìíràn. Díẹ̀díẹ̀, ibẹ̀ yóò di òkìtì. Òkìtì yìí ni ìṣúra etí òkun. Nígbà tí ìgbì ńlá bá dé ní àkókò òjò, inú òkìtì ni yóò ti bu iyanrìn, kì í ṣe lábẹ́ ilé ẹni. Bí ìgbì bá rọlẹ̀, òkun yóò dá iyanrìn padà, ìtàkùn yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí katakata bá gé ewéko yìí kúrò kí etí òkun lè mọ́ tónítóní, àpò ìfowópamọ́ ilẹ̀ náà ni ó tú.

Ó yẹ kí a fi kún un pé kì í ṣe gbogbo igi tí a fi ń mọ etí òkun wa ni ó jẹ́ ọmọ ibẹ̀. Àgbọn, tó ti di àmì Àgbádárìgì, kò sí ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà rí kí àwọn Pọtogí tó mú un wá ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ìyẹn láti nǹkan bí ọdún 1500. Igi fúrúùtù, tí àwọn ọmọdé Èkó ń sọ ní òkò, láti Éṣíà ni ìran rẹ̀ ti wá. Láti ọdún 2011 sì ni koríko òkun aláwọ̀ bí ilẹ̀, tí ń léfòó lórí Òkun Àtìláńtíìkì, ti bẹ̀rẹ̀ sí ya wọ àwọn etí òkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ní òkìtì-òkìtì, tí ó ń dí àwọ̀n apẹja lọ́wọ́, tí ó sì ń rùn bó bá jẹrà.

4.0 ÌKARAHUN: ÈYÍ TÓ JẸ́ TIWA ÀTI ÈYÍ TÓ JẸ́ ÀLEJÒ

Kò sí ìkarahun òkun tó wọnú àṣà Yorùbá tó owó ẹyọ. A fi ná ọjà, a fi ṣe ọ̀ṣọ́, a sì fi ń dífá. Òun ni ó wà nídìí ìṣirò wa. Ogójì ẹyọ ni à ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan, ìyẹn 20,000. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé etí òkun wa ni a ti ń ṣà á. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀dá tí ó ni ìkarahun yìí kì í gbé Òkun Àtìláńtíìkì. Òkun Íńdíà ni ilé rẹ̀, láti erékùsù Maldives ni a sì ti kó èyí tó pọ̀ jù wá, àwọn ọkọ̀ òyìnbó sì ń fi í dí ìsàlẹ̀ ọkọ̀ kí ó lè dúró ṣinṣin lójú omi. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì àti Faransé kó oríṣi mìíràn tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ wá láti agbègbè Zanzibar. Púpọ̀ nínú owó yìí ni a fi ra ènìyàn bí ẹrú ní èbúté wa. Ìdí tí ẹyọ fi lè jẹ́ owó gan-an ni pé kò sí ní etí òkun tiwa. Bí ẹnikẹ́ni bá lè lọ ṣà á bí òkúta, kò ní níye lórí.

Àwọn oníkarahun tó jẹ́ tiwa kò gba irú ọlá bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn pọ̀. Ìṣáwùrú ń rìn lórí ẹrẹ̀ ọ̀sà, ó ń jẹ ewédò wẹ́wẹ́ àti ohun jíjẹrà. Oríṣi kan tí ìkarahun rẹ̀ pín sí méjì bí ìdérí àti abọ́ máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi inú omi gbágbágbá. Omi ni ó ń fà sínú, tí ó ń sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, tí ó ń jẹ ohun wẹ́wẹ́ tó wà nínú rẹ̀, kí ó tó tú omi náà síta. Báyìí ni ó ṣe ń fọ omi mọ́. Bí omi bá kún fún májèlé láti ilé iṣẹ́, inú ara rẹ̀ ni májèlé náà yóò kó jọ sí, ẹni tó bá sì jẹ ẹ́ yóò pín níbẹ̀.

5.0 Ọ̀SÀ ÀTI IGI Ẹ̀GBÀ

Omi ọ̀sà kì í ṣe omi òkun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe omi odò. Ní àkókò òjò, odò Ògùn, odò Ọ̀ṣun àti odò Yewa máa ń da omi aláìníyọ̀ sínú rẹ̀, iyọ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tán níbẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, odò a rọlẹ̀, òkun a gba ẹnu èbúté Èkó wọlé, ọ̀sà a sì tún níyọ̀. Nítorí náà, ẹja inú rẹ̀ ń pààrọ̀ bí ìgbà ṣe ń yí. Èyí hàn gbangba lára ewéko olómi kan tí ó ti Gúúsù Amẹ́ríkà wá, tí ó sì gba ojú omi Àgbádárìgì wọ Nàìjíríà ní ọdún 1984. Lójú òjò, yóò bo ojú ọ̀sà títí tí ọkọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà gbà. Bí iyọ̀ bá wọlé lọ́gbẹlẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ yóò kú.

Láàárín omi tí ń yí padà yìí ni ẹ̀gbà dúró. Rhizophora racemosa ni orúkọ rẹ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ewéko. Ẹni tó bá ti rí i kò lè gbàgbé rẹ̀, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń ti ara igi yọ lókè, ó sì ń tẹ̀ kọ́lọ́kọ́lọ́ wọnú ẹrẹ̀, bí ẹni pé igi náà fi ẹsẹ̀ púpọ̀ dúró. Ẹrẹ̀ tí ó hù sí kò ní afẹ́fẹ́ nínú. Gbòǹgbò tó wà lókè omi ni ó ń bá a mí. Ó tún ní ọgbọ́n tí ó fi ń yẹra fún iyọ̀: bí ó ti ń fa omi, gbòǹgbò rẹ̀ ń sẹ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iyọ̀ náà sóde. Igi mìíràn tí wọ́n jọ ń gbé ní tirẹ̀ ń gba iyọ̀ sára, ó sì ń làágùn rẹ̀ jáde lójú ewé. Ẹni tó bá lá ewé náà lọ́gbẹlẹ̀ yóò tọ́ iyọ̀ wò.

Bí ẹ̀gbà ṣe ń bímọ tún jẹ́ ìyanu. Èso rẹ̀ kì í já bọ́ kí ó tó hù. Lórí ìyá rẹ̀ ni ó ti ń hù, yóò gùn bí ọ̀pá kékeré, orí rẹ̀ yóò mú ṣóńṣó. Bí ó bá já, ó lè gúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ lábẹ́ ìyá rẹ̀. Bí omi bá sì gbé e, yóò léfòó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ títí yóò fi rí ẹrẹ̀ ibòmíràn.

Inú àwọn gbòǹgbò yìí ni ọ̀pọ̀ ẹja àti edé ti ń lo ìgbà èwe wọn, nítorí ẹja ńlá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ewé tó bá já bọ́ ni akàn ń fà wọnú ihò, tó ń jẹ, tó ń gé wẹ́wẹ́. Ihò akàn ń mú afẹ́fẹ́ wọnú ẹrẹ̀. Ewé wẹ́wẹ́ náà ń di oúnjẹ fún edé, edé di oúnjẹ fún ẹja, ẹja di oúnjẹ fún wa. Ẹ̀wẹ̀, gbòǹgbò ẹ̀gbà ń dín agbára ìgbì kù, ẹrẹ̀ tí omi gbé wá a sì rọlẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí ìtàkùn ẹlẹ́sẹ̀ ewúrẹ́ ń ṣe fún iyanrìn ni ẹ̀gbà ń ṣe fún ẹrẹ̀.

Igi yìí kan náà ni igi ìdáná tí ó dára jù fún ẹja yíyan, nítorí pé ó le, iná rẹ̀ sì ń pẹ́. Àwọn apẹja ti ń gé e láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n gígé ẹ̀ka fún ààrò yàtọ̀ gédégédé sí kí a hú igbó odindi, kí a fi iyanrìn dí i, kí a sì pín in ní púlọ́ọ̀tì.

6.0 OHUN TÓ Ń ṢẸLẸ̀ BÍ ÈTÒ YÌÍ BÁ DÀRÚ

Ní Èkó, láàárín ọdún 1908 sí 1912, ìjọba amúnisìn kọ́ ògiri òkúta gígùn wọnú òkun ní ẹnu èbúté, kí ọkọ̀ ńláńlá lè máa wọlé. Iṣẹ́ náà ṣe èbúté láǹfààní, ṣùgbọ́n ó dá ìrìn iyanrìn tí a mẹ́nu bà níṣàájú dúró. Iyanrìn tí ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kó jọ sẹ́yìn ògiri. Apá ìlà oòrùn, níbi tí etí òkun Victoria Island wà, kò rí tirẹ̀ gbà mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ilẹ̀ níbẹ̀. Láti nǹkan bí ọdún 1960 ni a ti ń da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, tí òkun sì ń kó o lọ. Lẹ́yìn náà ni a fi ògiri òkúta mìíràn dáàbò bo ibi tí à ń pè ní Eko Atlantic. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ Kuramo tó wà nítòsí, ó sì gba ẹ̀mí àwọn tó ń gbé etí omi. Ọ̀rọ̀ yìí tún ṣe pàtàkì lónìí tí ìlú ti ń fẹ̀ gba Ìbẹ̀jú-Lẹ́kí lọ, tí iṣẹ́ ọ̀nà etí òkun láti Èkó dé Kalabá sì ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2024.

Ní Awóyè, ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, ọ̀nà tí ewu gbà wọlé yàtọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, a gbẹ́ ọ̀nà omi nítorí iṣẹ́ epo rọ̀bì. Ọ̀nà yìí so òkun pọ̀ mọ́ igbó àbàtà tí omi rẹ̀ kò níyọ̀. Omi òkun gba ibẹ̀ wọlé. Àwọn igi àbàtà kò ní ọgbọ́n tí ẹ̀gbà fi ń yẹra fún iyọ̀, wọ́n sì kú. Bí gbòǹgbò wọn ti jẹrà, ohun tó di ilẹ̀ mú tán, ilẹ̀ náà sì di omi. Ẹja tí àwọn baba ń pa níbẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Àyétòrò ni àpẹẹrẹ tó ń dunni jù. Ọdún 1947 ni àwọn onígbàgbọ́ kan tẹ ìlú náà dó sí etí òkun Ìlàjẹ. Wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, wọ́n jọ ń jẹ, òkìkí ìlú náà sì kàn káàkiri. Láti bí ọdún mélòó kan ni òkun ti ń gba àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn níbẹ̀. Ilé, ilé ìjọsìn, ilé-ìwé àti itẹ́ òkú wà lára ohun tó ti gbé lọ, àwọn ìdílé mìíràn sì ti kó ilé padà sẹ́yìn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kì í ṣe okùnfà kan ṣoṣo ló wà nídìí rẹ̀. Ilẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ a máa rì fúnra rẹ̀. Omi òkun gbogbo ayé sì ti ga ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 20 láti ọdún 1900, nítorí pé ayé ń gbóná sí i. Ṣùgbọ́n níbi tí ilẹ̀ ti rọ̀ báyìí, tí kò sí iyanrìn, ewéko ni ìdènà àkọ́kọ́, nígbà tí a bá sì ti ṣí i kúrò, kò sí ohun tó kù láàárín òkun àti ẹnu ọ̀nà ènìyàn.

A kò sọ pé kí a má kọ́ èbúté tàbí kí a má la ọ̀nà. Òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ohun tí òwe yìí ń kọ́ wa ni pé kí a mọ ìṣesí omi kí a tó tì í. Ògiri tí a kọ́ láìbéèrè ibi tí iyanrìn ń lọ, ẹ̀yìnkùlé ẹlòmíràn ni ó ń gbé ìjà lọ.

7.0 ÌWÚLÒ FÚN ÌKỌ́NI

Kí ni èyí kan olùkọ́ Yorùbá? Ó kàn án lọ́nà mẹ́ta. Èkíní ni kíkó orúkọ jọ. Àwọn Ìlàjẹ, Àwórì, Ìjẹ̀bú etí omi àti Ègùn ní orúkọ fún ọ̀pọ̀ akàn, ẹja, ewéko àti ìṣesí omi tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè wa. Bí abúlé bá tú ká, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì lọ ń gbé ìgboro, orúkọ wọ̀nyí ni yóò kọ́kọ́ kú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ti agbègbè náà wá lè fi èyí ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rẹ̀.

Èkejì ni kíkọ́ òwe pẹ̀lú ohun tí òwe dá lé. Akàn ààyè kan nínú abọ́ lórí tábìlì olùkọ́ yóò ṣàlàyé òwe alákàn ju ojú ìwé mẹ́ta lọ. Ilé-ìwé tó bá wà nítòsí Èkó tún lè kó àwọn ọmọ lọ sí Lekki Conservation Centre, tí a ti dá sílẹ̀ láti ọdún 1990. Ilẹ̀ àbàtà àti igbó tó wà níbẹ̀ tó sàárè 78, ojú ọ̀nà pákó ni a sì ń gbà wò ó.

Ẹ̀kẹta ni gbígbìn. Ọmọ ẹ̀gbà kò nílò ilé ìtọ́jú olówó ńlá. Bí omi bá fà, a lè ti ṣóńṣó rẹ̀ bọnú ẹrẹ̀ ní ibi tí ẹ̀gbà ti wà rí, kí a sì fi àyè tó tó sílẹ̀ láàárín wọn. Bí a bá gbìn ín sí ibi tí ìgbì ti le jù tàbí tí kò ti hù rí, yóò kú. Àwọn àgbà apẹja ni wọ́n mọ ibi tó yẹ, nítorí náà ọ̀dọ̀ wọn ni ó yẹ kí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

8.0 ÀGBÁLỌGBÁBỌ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣe àlàyé pé etí òkun ilẹ̀ Yorùbá pín sí oníyanrìn àti ẹlẹ́rẹ̀, àti pé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọn ohun abẹ̀mí tí ń tọ́jú rẹ̀. Akàn ń gbálẹ̀, ó sì ń mú afẹ́fẹ́ wọnú ẹrẹ̀. Oníkarahun ń sẹ́ omi. Ìtàkùn ń kó iyanrìn jọ. Ẹ̀gbà ń dá ẹrẹ̀ dúró, ó sì ń tọ́ ọmọ ẹja. A ti rí i pé owó ẹyọ tí a gbé gẹ̀gẹ̀ jẹ́ àlejò láti òkun mìíràn, nígbà tí àwọn onílé tí ń ṣiṣẹ́ fún wa lójoojúmọ́ kò tilẹ̀ ní orúkọ lẹ́nu púpọ̀ nínú wa. Èkó, Awóyè àti Àyétòrò sì fi hàn pé bí a bá dá ìrìn iyanrìn dúró tàbí tí a pa gbòǹgbò, òkun ni yóò jàǹfààní rẹ̀. Alákàn fi ojú ṣọ́ orí nítorí pé kò ní ọrùn tí yóò fi wẹ̀yìn. Àwa tí a ní ọrùn, ó yẹ kí a bojú wẹ̀yìn wo ohun tó ń di ilẹ̀ mú lábẹ́ ẹsẹ̀ wa, kí a tó gé e.